Ta Ni Ọ̀gá Níbí? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Ẹ̀tọ́ Takọtabo Níbi Iṣẹ́ Oògùn

Lẹ́yìn tí a kọ̀wé lórí bí a ṣe ń dá ayédèrú oògùn mọ̀, lẹ́tà tó wọlé sí wa pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe lórí oògùn rárá, bí kò ṣe lórí àwọn tó ń pò ó, àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń gbé e kiri fún dókítà. Obìnrin ló kọ púpọ̀ nínú wọn. Mẹ́rin ni mo mú, mo sì ti yọ ohun tí a lè fi dá ẹnikẹ́ni mọ̀ kúrò. Èmi fúnra mi lo ọdún 31 nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà, ẹ má bínú bí mo bá pẹ́ díẹ̀ lórí lẹ́tà àkọ́kọ́.

*Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Apoògùn ni mí, ọmọ ọdún 33, ó sì ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn ńlá kan ní Ìbàdàn. Orúkọ mi ni wọ́n fi gba ìwé àṣẹ ilé oògùn náà. Nígbà tí mo lọ bímọ lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n ní kó dúró dè mí. Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀gá wa sọ fún mi pé òun ti sọ ọ́ di máníjà, pé kí n máa ta oògùn nídìí káńtà, nítorí pé abiyamọ kò lè gbọ́ ti ilé kó tún gbọ́ ti iṣẹ́. Owó oṣù rẹ̀ ti ju tèmi lọ báyìí, bẹ́ẹ̀ orúkọ mi ṣì ni ó wà lára ògiri. Àwọn oníbàárà ń pe òun ní dókítà, wọ́n ń pe èmi ní nọ́ọ̀sì. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí kí n gba kámú?* – Apoògùn Tí Ọkàn Rẹ̀ Gbọgbẹ́, Ìbàdàn.

Àbúrò mi, o kú ewu ọmọ, Ọlọ́run yóò wò ó. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, má sì gba kámú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun tó wà lára ògiri yẹn. Ilé ìtajà oògùn tó bófin mu ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní apoògùn kan tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lórúkọ rẹ̀, orúkọ yẹn kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí àwọn àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apoògùn bá yọjú, tí wọ́n bá oògùn tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ lórí pẹpẹ, tàbí tí wọ́n rí i pé wọ́n ń ta oògùn tó yẹ kí a fi ìwé dókítà rà fún ẹni tí kò mú ìwé wá, ìwọ ni wọn yóò bi. Ohun tí ọ̀gá rẹ ṣe ni pé ó fi ẹrù sílẹ̀ lọ́rùn rẹ, ó wá fi owó ẹrù sápò ẹlòmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ.

Ní ti òfin, abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ wa sọ pé obìnrin tó lóyún lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí dókítà bá ti jẹ́rìí sí i pé ó ku ọ̀sẹ̀ 6 kó bí, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 tó tẹ̀ lé ìgbà tó bí. Bí ó bá ti lo oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà láìdáwọ́dúró, ohun tí wọn yóò san fún un lákòókò yẹn kò gbọdọ̀ kéré sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Bí ó bá sì padà tó ṣì ń fún ọmọ lọ́mú, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, nínú àkókò iṣẹ́, jẹ́ tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni kò sọ ti ààbọ̀ wákàtí yẹn fún ọ rí. Ìdajì owó oṣù kéré, n kò ní fi bò. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ní ìsinmi oṣù 6 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́ láti ọdún 2014, wọ́n sì fún bàbá ọmọ náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó lọ wo ibẹ̀.

Abala 42 ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 lòdì sí ìdẹ́yẹsí nítorí pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, abala 17 sì ní kí owó iṣẹ́ kan náà dọ́gba láìwo akọ tàbí abo. Agbẹjọ́rò ọ̀gá rẹ lè sọ pé abala 17 wà lára ohun tí ìjọba kàn ń lépa, pé kì í ṣe ohun tí a fi ń pẹjọ́. Má jẹ́ kí ó fi ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí owó iṣẹ́ ọgbọọgba láti ọdún 1974, àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 2010 sì fún ilé-ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, èyí tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn níbẹ̀, lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìdẹ́yẹsí níbi iṣẹ́ kí ó sì lo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, mo sì gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ pé o ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kọ lẹ́tà. Má fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí ọ́fíìsì rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Fa ìlà sí àárín bébà: ní apá kan, kọ ohun tí o ń ṣe kí o tó lọ bímọ, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn olóró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ọjà, ẹni tó ń wo bí fíríìjì insulin ṣe tutù tó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹni tó ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ní apá kejì, kọ èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ báyìí, kí o sì kọ iye owó oṣù rẹ sísàlẹ̀ méjèèjì. Béèrè pé kí ó kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Nínú ohun tí ojú mi ti rí, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó lè sọ ọ̀rọ̀ abiyamọ yẹn lẹ́nu kò lè fọwọ́ sí i lórí bébà. Fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí o sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn apoògùn obìnrin ní ìpínlẹ̀ rẹ, nítorí pé ohùn ogún ènìyàn yàtọ̀ sí ti ẹnì kan.

Ti pé wọ́n ń pè ọ́ ní nọ́ọ̀sì, ó rán mi létí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí. Bàbá àgbàlagbà kan wọlé, ó di ìwé dókítà mú, ó wo ojú mi, ó wo aṣọ funfun ọrùn mi, ó sì kọjú sí ọmọdékùnrin tó ń to páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, ‘Ta ni ọ̀gá níbí?’ Ọmọ náà nàka sí mi. Bàbá ní kò burú, òun yóò jókòó de ọ̀gá náà. Ó jókòó lóòótọ́, ó fi ìwé sórí orúnkún, ojú ọ̀nà ló ń wò. Nígbà tó tó bí ogójì ìṣẹ́jú, mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kàn fojú bà á. Oògùn kan tó ń jẹ́ spironolactone wà níbẹ̀, oògùn potassium, irú iyọ̀ kan tí ara ń lò, sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé èkíní kì í jẹ́ kí potassium jáde kúrò nínú ara bó ṣe yẹ, pé tí a bá tún da èkejì lé e láìṣọ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ó lè da lílù ọkàn rú, ó sì lè pa ènìyàn lójijì. Mo kọ ìwé pélébé, mo fi rán ọmọ náà sí dókítà lódìkejì títì, ó sì fagi lé èkejì. Bàbá gba oògùn rẹ̀, ó ní, ‘Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì.’

Bàbá yẹn kọ́ ló dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ti ẹni tó ni ilé oògùn náà, tí mo ròyìn fún lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ní bóyá kí òun wá ọkùnrin kan fi síwájú kí ọkàn àwọn oníbàárà lè balẹ̀. Oníbàárà lè ṣàìmọ̀. Agbanisíṣẹ́ tó mọ ẹni tó yẹ ìwé náà wò, tó tún fẹ́ fi ẹlòmíràn bò ó mọ́lẹ̀, kò ní àwáwí.

Ó ku ọ̀rọ̀ pé abiyamọ kò lè gbọ́ ti méjèèjì. Ní nǹkan bí ọdún 1970 ní Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún apoògùn, obìnrin kò ju bíi 8 lọ. Lónìí, wọ́n ju ìdajì lọ. Claudia Goldin, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2023, àti Lawrence Katz tú iṣẹ́ yìí wò finnífinní, wọ́n sì rí i pé àlàfo tó wà láàárín owó ọkùnrin àti ti obìnrin níbẹ̀ kéré, àti pé ẹni tó bá dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù kì í fi bẹ́ẹ̀ jìyà lórí iye tó ń gbà fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé àwọn agbanisíṣẹ́ wọn láàánú ju tiwa lọ. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ ló yí padà: ilé oògùn tí ẹnì kan ṣoṣo dá ní, tó ń ṣí i láàárọ̀ tó ń tì í lálẹ́, dín kù, ilé ìwòsàn àti ilé oògùn ńlá tó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka gba ipò rẹ̀, kọ̀ǹpútà wá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oògùn tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ń lò, débi pé apoògùn tó wọlé ní agogo méjì ọ̀sán lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ti àárọ̀ bá a dé. Ibi tí iṣẹ́ bá ti ṣeé gbà lọ́wọ́ ara ẹni láìfi aláìsàn sínú ewu, ọmọ bíbí kì í di ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ilé oògùn tìrẹ gan-an ti fi hàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, nǹkan kan kò bàjẹ́, nítorí pé o kọ́ ọ dáadáa. Kí ló wá dé tí kò fi lè dá a padà fún ọ? Fi ìbéèrè yẹn parí lẹ́tà rẹ.

*Ẹ̀yin màmá, mo ní ilé ìtajà oògùn mẹ́ta ní Òṣogbo. N kò kórìíra obìnrin, ìyàwó mi gan-an ló ń bá mi ṣírò owó. Ṣùgbọ́n nínú apoògùn obìnrin mẹ́rin tí mo gbà, mẹ́ta ti gba ìsinmi ìbímọ láàárín ọdún méjì, èmi ni mo sì ń sanwó ẹni tó ń dúró dè wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa bi wọ́n kí n tó gbà wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ bímọ láìpẹ́. Kí lẹ rí sí i?* – Oníṣòwò, Òṣogbo.

Ẹ má bi wọ́n o. Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni kì í béèrè. Ìbéèrè tí ẹ kò ní bi ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ lóyún nílé kò yẹ kó ti ẹnu yín jáde sí obìnrin.

Òótọ́ ni pé owó ń jáde lápò yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dé ìparí. Oyún ń fún yín ní oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà láti fi múra sílẹ̀, ẹ sì mọ ìgbà tí onítọ̀hún yóò padà. Apoògùn tó já pa lọ sí ìlú Ọba tàbí Kánádà ń kọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń fún yín, kì í sì í padà mọ́, ọkùnrin sì pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá lé àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn nítorí ọmọ, ẹ óò wá ẹlòmíràn, ẹ óò kọ́ ọ, ẹ óò sì máa bẹ àwọn oníbàárà tó ti mọ ojú wọn. Ilé oògùn mẹ́ta tí ẹ ní yìí tilẹ̀ jẹ́ kó rọrùn fún yín: ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ìlànà kan náà, kí apoògùn kọ̀ọ̀kan máa lo ọjọ́ kan lóṣù ní ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni lè gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fún àwọn bàbá náà ní ìsinmi. Ìjọba àpapọ̀ ti fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 láti 2022, nítorí pé ibi tí bàbá kì í bá ti í gbé ọmọ, orí iṣẹ́ ìyá ni gbogbo rẹ̀ máa ń já lé.

Mo tún fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹ má bínú. Ìyàwó yín tó ń bá yín ṣírò owó, ṣé ó ń gba owó oṣù? Ṣé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà?

*Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ìlú mi. Aṣojú tó ń polówó oògùn ni mí fún ilé-iṣẹ́ oògùn kan, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ni mo ń lọ láti ìlú dé ìlú. Dókítà kan ní òun kò ní kọ oògùn wa àyàfi tí mo bá wá bá òun ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo sọ fún ọ̀gá tó wà lórí ẹkùn wa, ó ní kí n lo ọgbọ́n obìnrin, pé iye ọjà tí wọ́n dá lé mi kò ní dín kù. Ọkọ mi kò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.* – Ẹni Tí Ẹ̀rù Ń Bà.

Ọmọ mi, o kò ṣe ohun àìtọ́ kankan. Ènìyàn méjì ló ṣẹ̀ ọ́, dókítà yẹn àti ọ̀gá rẹ, mo sì rí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá rẹ bí èyí tó tóbi jù, nítorí pé òun ni ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bò ọ́.

Àdéhùn àgbáyé lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní 2019, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 2022, kò mọ sí inú ọ́fíìsì nìkan. Ó dé ojú ọ̀nà, ó dé ìrìn àjò iṣẹ́, ó sì kan oníbàárà bí ó ṣe kan ọ̀gá. Ilé-ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní àṣẹ, tí òfin ìpìlẹ̀ dárúkọ rẹ̀ gbangba, láti gbọ́ ẹjọ́ fífi ìbálòpọ̀ yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ yìí dá obìnrin kan láre, ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó kọ ìbálòpọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ fi lọ̀ ọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n san owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 13 náírà fún un. Nítorí náà, ọ̀nà wà.

Lónìí, tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù sí ibi méjì. Kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tí ọ̀gá rẹ sọ. Lọ́la, kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní olú ilé-iṣẹ́ yín, má gba ọwọ́ ọ̀gá yẹn kọjá, béèrè pé kí wọ́n yọ dókítà náà kúrò lára àwọn tí wàá máa bẹ̀ wò, kí wọ́n sì yọ iye rẹ̀ kúrò lára ọjà tí wọ́n dá lé ọ. Sọ fún wọn pẹ̀lú pé oògùn tí dókítà kọ nítorí hòtẹ́ẹ̀lì, aláìsàn ni yóò gbé e mì. Kí o sì sọ fún ọkọ rẹ, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ kan tó ní àyà, kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Má dá a gbé.

*Ìyáàfin ọ̀wọ́n, ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà tó ń pò oògùn sì fẹ́ gbà á sí ibi ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ ní kẹ́míkà ibẹ̀ yóò bà á lára jẹ́ tí kò ní rí ọmọ bí, pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Àwọn kan sì ní wọn kì í fi obìnrin sí iṣẹ́ òru níbẹ̀. Ṣé kí a jẹ́ kó lọ?* – Bàbá Kẹ́hìndé, Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kó lọ, sà. Ìbẹ̀rù ìyá rẹ̀ kì í ṣe asán, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn tó ń jẹ́ finasteride tó ti fọ́ tàbí tí a lọ̀, nítorí pé ó lè pa ọmọkùnrin inú rẹ̀ lára. Oògùn methotrexate náà lè ba ọmọ inú jẹ́. Ṣùgbọ́n eruku oògùn kì í mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Imú ọkùnrin ń fà á, eruku penicillin sì lè mú kí ara ẹnikẹ́ni kọ oògùn náà. Ohun tó ń dáàbò bo ènìyàn ni ẹ̀rọ tó ń fa eruku kúrò, ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ tó bá ara mu, àti ìlànà tó jẹ́ kí ẹni tó bá lóyún bọ́ sí apá mìíràn fún ìgbà díẹ̀ láìpàdánù ipò tàbí owó rẹ̀. Ní 1991, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí ilé-iṣẹ́ bátìrì kan pé wọn kò lè ti gbogbo obìnrin tó ṣì lè bímọ mọ́ta nítorí ọmọ tí wọn kò tíì lóyún rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí ní Ọ̀tà náà nìyẹn.

Ti iṣẹ́ òru, òótọ́ ni pé abala 55 Òfin Iṣẹ́ wa kò fàyè gba kí a fi obìnrin sí iṣẹ́ òru nílé-iṣẹ́ àfẹ̀rọṣe, àfi nọ́ọ̀sì àti ẹni tó wà nípò alákòóso tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Bí wọ́n bá gbà á gẹ́gẹ́ bí apoògùn tó ń ṣàkóso iṣẹ́, kò yẹ kí wọ́n fi òfin yẹn dí i lọ́nà. Èrò tèmi ni pé òfin náà ti pẹ́ jù, nítorí pé owó àjẹmọ́nú òru àti ìrírí tí a fi ń di ọ̀gá wà níbi tó ti ń lé obìnrin kúrò.

Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé Stella Okoli bẹ̀rẹ̀ Emzor, ilé-iṣẹ́ tó ń pò oògùn, láti ilé oògùn kékeré kan ní Ṣómólú ní 1977. Ẹ sọ ti Dora Akunyili fún un, apoògùn tó di ọ̀gá àgbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ní 2001, tí ọta ibọn gba inú gèlè orí rẹ̀ kọjá ní oṣù Kejìlá 2003 nítorí pé ó ń lé àwọn oníṣòwò ayédèrú oògùn, tí kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mojisola Adeyeye, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìpoògùn, náà gba ipò yẹn ní 2017. N kò sọ pé nítorí àwọn mẹ́ta yìí ọ̀nà ti là fún gbogbo ọmọbìnrin. Lẹ́tà tó wà lókè yìí fi hàn pé kò tíì là.

Nítorí náà, kí ó béèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́: oògùn wo ni wọ́n ń pò ní ìlà tí wọ́n fẹ́ fi í sí, ta ni kí ó sọ fún bí ó bá lóyún, èló ni wọ́n ń san fún ọkùnrin tó wà ní ipò kan náà, ibo ni obìnrin ti ń pààrọ̀ aṣọ, àti ìwọ̀n ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ní nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n ọwọ́ ọkùnrin nìkan ni wọ́n rà, kí ó ní kí wọ́n lọ ra tirẹ̀ wá kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.